Ìtàn Samuel Àjàyí Crowther, Ẹni tí Ó Fi Iṣẹ́ Kọ́ Èdè

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sínú ìwé. Àwọn kan kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹrú tí ó di olórí. Àwọn mìíràn kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹni tí ó sọ èdè Yorùbá di èdè ìwé. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, a kò sì ní ohun tí a fẹ́ takò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìbéèrè kan tí a fẹ́ bi ìtàn náà, èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà dúró lé lórí: ọmọkùnrin tí a gbé dé ilẹ̀ àjèjì nígbà tí ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ọ̀nà wo ni ó gbà kọ́ èdè náà tí ó fi lè bá ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ láìsí ògbufọ̀?

Ìbéèrè yìí kàn wá gidigidi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Òkìtìpupa, ní Ìkọ̀yà, ní Òde-Ìrèlè tàbí ní Ìgbòtakò ń gbé ohùn Ìkálẹ̀ wá láti ẹnu ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ilé-ìwé, ó bá Yorùbá inú ìwé pàdé, èyí tí ó yàtọ̀ sí ti ilé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Gẹ̀ẹ́sì tún dé, tí kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ka ẹ̀kọ́ inú ìwé rẹ̀ láti orí dé ìdí láìṣìṣe, kí gbogbo kíláàsì sì máa dá a lóhùn bí ẹgbẹ́ akọrin. Síbẹ̀ bí àjèjì kan bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ibi tí ọjà wà, ọmọ náà a wolẹ̀, a sì dákẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tí ì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́ kan rí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn Crowther wò, kí a lè rí bí ọ̀ràn ti rí fún un.

A bí Àjàyí ní ìlú Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun dé bá ìlú náà ní òwúrọ̀, a sun ún níná, a sì kó Àjàyí àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. A pín wọn níyà. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a sì dá a padà nítorí pé ẹṣin náà kò tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Láti ọwọ́ ọ̀gá kan dé òmíràn ni a ń tà á, títí ó fi dé Èkó, tí a sì tà á fún àwọn Pọtogí. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò nígbà kan láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni a kó o sínú ọkọ̀ ẹrú tí ń jẹ́ Esperança Feliz. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ṣí tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun nítorí òwò ẹrú fi mú un, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822 ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Freetown gẹ́gẹ́ bí òmìnira.

Irú ìlú wo ni Freetown nígbà náà? Ìlú tí a kó onírúurú ènìyàn jọ sí láti gbogbo etíkun Áfíríkà ni. Àwọn Yorùbá wà níbẹ̀, tí a ń pè ní Akú. Àwọn Ígbò wà níbẹ̀, àwọn Haúsá, àwọn Tápà, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Nígbà tí S. W. Koelle, olùkọ́ ní Fourah Bay, kó ọ̀rọ̀ èdè wọn jọ sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1854, èdè tí ó rí kó jọ nínú àgbègbè kékeré yìí lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí bí aládùúgbò méjì ṣe lè bá ara wọn ra ọjà tàbí kí wọ́n parí ìjà bí kò ṣe pé wọ́n ní èdè kan tí ó so wọ́n pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè náà, ì báà ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a là tààrà tàbí èyí tí a lọ́ mọ́ èdè àwọn ará ìlú. Nítorí náà ohun èlò ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún wọn, bí àdá àti ọkọ́ ti jẹ́ fún àgbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i kò rí iṣẹ́ ṣe dáadáa.

A fi Àjàyí sí abúlé Bathurst, lábẹ́ ìtọ́jú àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S. A gbọ́ pé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, ó tọrọ ààbọ̀ pẹ́nì kan, ó sì fi ra ìwé alífábẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Bí ó ti ń kọ́ ìwé ni ó sì ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni John Weeks, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró lẹ́yìn ìgbà náà.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà yìí. Ọ̀gá kò gbọ́ Yorùbá, ọmọ-iṣẹ́ kò sì tí ì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán. Bí ọ̀gá bá ní kí a gbé ayùn wá tí ọmọ sì gbé òòlù wá, iṣẹ́ dúró. Bí ó bá ní kí a gé pákó ní ìwọ̀n báyìí tí ọmọ sì gé e kúrú, pákó ti bàjẹ́. Kò sí ìdí fún ọ̀gá láti máa bèèrè bóyá ọmọ gbọ́ tàbí kò gbọ́. Pákó náà ni yóò dáhùn. Ọmọ tí ó bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ gún gbọ́dọ̀ tẹ́tí sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tí kò yé e, ó sì gbọ́dọ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀la. Báyìí ni èdè ṣe ń wọ inú ènìyàn: ojú wà lára iṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń gba abẹ́ iṣẹ́ wọlé. Ìwé alífábẹ́ẹ̀tì fún Àjàyí ní ojú tí ó fi ń rí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó fún un ní ìdí tí ó fi ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, ní orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ C.M.S. Ní ọdún 1826 a mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ sí ilé-ìwé ìjọ ní Islington fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1827, òun wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa pẹ̀lú ti ń fẹ́ dà: ó ṣe olùkọ́ ní abúlé Regent, ó ṣe é ní Wellington, a sì pè é padà sí Fourah Bay láti wá kọ́ni níbẹ̀. Ní ọdún 1829 ó gbé Susan Thompson ní ìyàwó. Asano ni orúkọ tí a ń pe obìnrin náà tẹ́lẹ̀; a gba òun náà kúrò lóko ẹrú, òun náà sì di olùkọ́.

Ní ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya, láti wo bí a ṣe lè fi òwò rere rọ́pò òwò ẹrú. C.M.S. fi àlùfáà J. F. Schön àti Crowther sí i. Ibà pa àwọn Òyìnbó tí ó lé ní ogójì nínú ìrìn-àjò náà, àwọn tí ó kù sì padà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí Schön àti Crowther mú bọ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹni tí kò gbọ́ èdè àwọn ènìyàn, tí ó sì gbójú lé ògbufọ̀ nìkan, kò lè ṣe iṣẹ́ kan tí yóò dúró láàárín wọn, àti pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni a gbọ́dọ̀ kọ́ fún iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà lọ ni Schön ti fi ara rẹ̀ fún èdè Haúsá, tí Crowther sì fi ara rẹ̀ fún èdè Yorùbá.

Ní ọdún 1842 Crowther tún lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1843 a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde, ní ọdún kan náà ni a sì fi í joyè àlùfáà. Nígbà tí ó padà dé Freetown, ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844. Ẹ wo bí ọ̀ràn yìí ti yí padà: ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n ní láti tún èdè ìyá rẹ̀ kọ́. Ọmọdé ni ó kúrò ní Òṣoògùn, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ó sì mú lọ. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ń bèèrè ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Nítorí náà ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ó ń kó òwe jọ, ó sì ń wádìí àṣà àti ìtàn Yorùbá, nítorí pé bí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Iṣẹ́ ni ó tún rán an ní ọ̀nà.

Ní ọdún 1845 òun pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer dé Àgbádárìgì. Ikú Ṣódẹkẹ́ àti ogun tí ó wà lọ́nà dá wọn dúró níbẹ̀ fún bí ọdún kan ààbọ̀, kí Crowther àti Townsend tó lè wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Láàárín oṣù kan náà ni ó rí ìyá rẹ̀, Àfálá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ìyá náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1848.

Ní ọdún 1851 ni ohun tí a fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fi sọ́kàn ṣẹlẹ̀. Crowther wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì mú un lọ síwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, Albert. A tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, èyí tí ó fi Èkó àti àwọn ìlú tí ó yí i ká hàn. Crowther ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i, ó ń ṣàlàyé bí òwò ẹrú ti ń gba Èkó jáde, bí ọ̀nà ti rí láti etíkun dé Abẹ́òkúta, àti irú òwò tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ lè ṣe bí àlàáfíà bá wà. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn. Ohun tí kò yé wọn, ó tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn. A kò pè é síbẹ̀ láti dán Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò. Iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀: ó mọ ohun kan tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ gbé e láti orí tirẹ̀ lọ sí orí tiwọn. Ẹni tí ó bá ti ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Bathurst wo tábìlì yìí yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni.

Ní ọdún 1852 a tẹ gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tí ó gbòòrò jù ti ìṣáájú lọ. Ní ọdún 1854 ó tún gòkè Odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad, tí W. B. Baikie jẹ́ olórí rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ń lo oògùn kuníìnì, ẹnì kan kò kú nínú àwọn Òyìnbó tí ó lọ. Simon Jonas, ọmọ Ígbò tí a gbà kúrò lóko ẹrú, ni ògbufọ̀ wọn láàárín àwọn Ígbò, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ọdún 1841. Ní ọdún 1857 Crowther dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha, ó sì kọ ìwé àkọ́kà fún àwọn Ígbò. Ó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Tápà pẹ̀lú. Ní ọdún 1859, T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni a fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ní ọdún 1884 odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ bíi Thomas King ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Òpin ọjọ́ rẹ̀ kò láìní ìkorò. Àwọn ọ̀dọ́mọdé òjíṣẹ́ tí a rán wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bi, wọ́n sì gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1890 ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ Odò Ọya sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ kò kú. Ìwé náà dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pẹ̀lú, láti ọwọ́ ìjọ àti ilé-ìwé, ó sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọmọ Ìkálẹ̀ àti ọmọ Ọ̀yọ́ lè ka ìwé kan náà.

Wàyí o, kí ni àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rí mú nínú ìtàn yìí? A kò wí pé Crowther dá ọ̀nà ìkọ́ni kan sílẹ̀ tí ó sì fún un ní orúkọ. Ó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn amòye tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gbangba nípa fífi iṣẹ́ ṣíṣe kọ́ èdè àjèjì. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láàárín ọdún 1979 sí 1984, N. S. Prabhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní àwọn ilé-ìwé ní ìhà Bangalore àti Madras. Dípò kí wọ́n máa kọ́ òfin gírámà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé ìṣòro kékeré síwájú àwọn ọmọ, bíi kíka àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń dé tí ó sì ń lọ, tàbí wíwá ọ̀nà lórí àwòrán ìlú. Olùkọ́ a kọ́kọ́ bá gbogbo kíláàsì ṣe irú iṣẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ọmọ kọ̀ọ̀kan a dá ṣe èyí tí ó jọ ọ́. Ọkàn ọmọ wà lára ìdáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ètò ṣe ní Bangalore ni ayé fi ìnira ṣe fún Àjàyí ní Bathurst.

Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a kò nílò ohun èlò olówó iyebíye. A lè ya àwòrán ọ̀nà láti Òkìtìpupa lọ sí Ìlútìtun àti Ìgbòtakò sórí ìwé méjì. Lórí ìwé kan a ó kọ orúkọ ọjà, ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé. Lórí èkejì a ó fi àyè wọn sílẹ̀ lófo. Ọmọ méjì yóò jókòó, ọ̀kan kò gbọdọ̀ wo ìwé èkejì. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣófo yóò fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè títí yóò fi kún. Nígbà tí wọ́n bá fi ìwé méjèèjì wé ara wọn, àwọn fúnra wọn yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣìnà, gẹ́gẹ́ bí pákó tí a gé kúrú ti ń fi ara rẹ̀ hàn.

Tàbí kí a mú ọ̀ràn púpurú, oúnjẹ wa tí gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ mọ̀. A ń bó ẹ̀gẹ́, a ń rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀. A ń fún omi rẹ̀ kúrò, a ń mọ ọ́n róbótó, a sì ń yan án lórí iná títí èéfín yóò fi gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà a ń ha èèpo dúdú ara rẹ̀ kúrò, a ń gún un, a ń kù ú, kí a tó rò ó nínú omi gbígbóná. Kí olùkọ́ kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì sórí pélébé ìwé, kí ó dà wọ́n rú, kí ó sì pín wọn fún ọmọ mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi tirẹ̀ han ẹlòmíràn. Kí olúkúlùkù ka tirẹ̀ sókè, kí wọ́n sì jọ fi ẹnu tò ó títí yóò fi gún. Ní ọjọ́ mìíràn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àjèjì tí kò rí púpurú rí. Ọmọ tí kò lè dá ìbéèrè gírámà kan dáhùn lè di olórí nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní apá kan rẹ̀ nílé. Bákan náà ni a lè ṣe owó epo pupa: a ó fún àwọn kan ní epo tí wọ́n fẹ́ tà, a ó fún àwọn mìíràn ní iye owó tí wọn kò gbọdọ̀ ná kọjá, a ó sì wo ẹni tí yóò rà á ní ọ̀pọ̀.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé bí a bá pín àwọn ọmọ ní méjì-méjì, èdè Ìkálẹ̀ ni wọn yóò máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, a kò sì gbọdọ̀ nà wọ́n nítorí rẹ̀. Crowther kò ju Yorùbá nù kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di méjèèjì mú títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun tí a ó dúró lé lórí ni pé àbájáde iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, yálà lẹ́nu tàbí lórí ìwé. Bí olùkọ́ bá ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ hàn wọ́n, tí ó sì ti bá wọn ṣe àpẹẹrẹ kan lórí pátákó, wọn kò ní sá fún un.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ìdánwò wà níwájú, àti pé ìdánwò kì í bèèrè púpurú. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ọmọ tí ó bá kùnà ìdánwò lè pàdánù àyè rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwọn òbí rẹ̀ yóò sì wo ojú wa. A kò wí pé kí a pa gírámà tì. Crowther fúnra rẹ̀ ra ìwé alífábẹ́ẹ̀tì kí ó tó di ọ̀mọ̀wé, ó sì kọ gírámà fún àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí a ń wí ni ipò tí ó yẹ kí ó wà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí olùkọ́ sì ti gbọ́ àṣìṣe tí ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọmọ, nígbà náà ni kí ó mú òfin rẹ̀ wá. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ti dùn nígbà tí ó ń wá a yóò di òfin náà mú, nítorí pé ó ti mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Òfin tí a fún ẹni tí kò tí ì ní iṣẹ́ fún un dà bí ayùn tí a gbé lé ẹni tí kò rí pákó rí lọ́wọ́.

Ìṣòro kẹta ni ti olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ó rọrùn fún wa láti dúró níwájú kí a sì máa kà, kí àwọn ọmọ sì máa tẹ̀lé wa. Ariwo náà dùn ún gbọ́ fún ẹni tí ó bá ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n pípèsè iṣẹ́ tí ó ní òpin, yíyan ọ̀rọ̀ tí ó tó fún un, rírìn láàárín ìjókòó láti gbọ́ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ, gbogbo èyí ń fẹ́ làálàá ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó kọ́ èdè mìíràn nígbà tí ó ti dàgbà, tí ó sì kọ ìwé àkọ́kà fún àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sá fún làálàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá tún jáde lọ sí àwọn ilé-ìwé tí a ti ń dán iṣẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan kí a tó kọ ètò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀: kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò fi èdè yìí ṣe kí agogo tó lù? Bí a kò bá rí ìdáhùn, ètò náà kò tí ì parí. Ọmọ Òṣoògùn náà ti ṣe tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wolẹ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ń dúró de tiwa.